Kamina: Ibùdó rédíò ológun tó mú Ogun Àgbáyé Kìíní wọ ilẹ̀ Tógò

Tí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi tí wọ́n ti ja Ogun Àgbáyé Kìíní, Belgium, Faransé tàbí Jámánì ni wọn yóò dárúkọ. Wọn kò jẹ̀bi, ohun tí ìwé kọ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbọn àkọ́kọ́ tí ìtàn sọ pé ọmọ ogun tó wà lábẹ́ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì yìn nínú ogun náà, ilẹ̀ Tógò ló ti dún, nínú oṣù kẹjọ ọdún 1914. Ọmọ Áfíríkà ló yìn ín. Alhaji Grunshi lorúkọ rẹ̀, sójà Gold Coast Regiment ni.

Kí ló gbé sójà Gold Coast wá sí Tógò nígbà tí ogun náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì? Kì í ṣe wúrà, kì í ṣe kòkó, kì í sì í ṣe òwú. Rédíò ni.

Lóde òní tí fóònù wà lápò gbogbo wa, ó lè ṣòro láti gbà pé orílẹ̀-èdè lè kó ogun lọ bá orílẹ̀-èdè mìíràn nítorí rédíò. Nínú àkànṣe ìròyìn yìí, a ó tọ ipasẹ̀ rédíò ológun láti Lomé dé Kamina, láti ìgbà òpó irin gogoro dé ìgbà àpótí onígíláàsì tí sójà ń gbé kiri, títí dé orí ìgbì kúkúrú tí àwọn àgbà wa ń pè ní ṣọ́ọ̀tì-wéèfù.

Kí ló wà ní Kamina?

Kamina kò jìnnà sí Atakpamé, ìlú tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 160 sí àríwá Lomé. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún ọmọ Yorùbá. Àwọn Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Àná, wà lára àwọn tó ni Atakpamé. Èdè wọn bá èdè Yorùbá tan, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ́ka sí bí orírun wọn. Ẹ̀gbẹ́ ilé wọn gan-an ni ìjọba Jámánì, tó ń ṣàkóso Tógò láti ọdún 1884, kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó rédíò tó lágbára jù lọ ní Áfíríkà sí.

Ilé iṣẹ́ Telefunken ti Jámánì ló gba iṣẹ́ náà. Ẹni tó darí rẹ̀ ni Anton Codelli, onímọ̀ ẹ̀rọ tó wá láti Ljubljana, ìlú tó jẹ́ olú ìlú Slovenia lónìí. Ọdún 1911 ló dé sí Tógò. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá, wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní Togblékopé, lẹ́bàá Lomé, bóyá wọ́n lè gbọ́ ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti Nauen, ibùdó rédíò ńlá tó wà nítòsí Berlin. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe, wọ́n kọjá sí Kamina.

Òpó irin mẹ́sàn-án ni wọ́n nà sókè níbẹ̀. Mẹ́ta ga tó mítà 75, mẹ́fà ga tó mítà 120. Ẹ ro ilé alájà ogójì, ẹ óò mọ bí òpó kan nínú àwọn mẹ́fà yìí ṣe ga tó. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ló ń fún wọn ní iná mànàmáná. Gbogbo rẹ̀ wà fún iṣẹ́ kan ṣoṣo: kí Berlin lè bá Áfíríkà sọ̀rọ̀ láìsí okùn wáyà kankan láàárín wọn, ní ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 5,000.

Èyí kì í ṣe eré. Jámánì ní Kamẹrúùnù, ilẹ̀ tí à ń pè ní Namíbíà lónìí, àti Tansaníà. Kamina ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ìkóríta tí ọ̀rọ̀ Berlin yóò máa gbà kọjá lọ sí àwọn ilẹ̀ yìí, àti sọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ ojú omi wọn lórí òkun Àtìláńtíìkì.

Ta ló ru irin náà?

Irin òpó mítà 120 kì í fò. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn dé Lomé, orí afárá ìgúnlẹ̀ tí àwọn Jámánì kọ́ sínú òkun ní ọdún 1904 ni wọ́n sì ti sọ wọ́n kalẹ̀. Láti Lomé, wọ́n gun ọkọ̀ ojú irin lọ sí agbègbè Atakpamé, lórí ojú irin tí wọ́n ṣí ní ọdún 1911, ọdún kan náà tí Codelli dé. Láti ibi tí ojú irin parí sí, ọwọ́ àti èjìká èèyàn ló ṣe ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká rántí irú ayé tí àwọn èèyàn yìí ń gbé. Nígbà ìjọba Jámánì ní Tógò, iṣẹ́ ọ̀ranyàn jẹ́ ara owó orí. Ọkùnrin tí kò bá lè san owó yóò fi ọjọ́ 12 ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dọọdún. Ọ̀nà, afárá àti ojú irin ilẹ̀ náà, òógùn irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló wà lára wọn. Orúkọ Codelli wà nínú ìwé ìtàn. Orúkọ àwọn tó gbẹ́ ihò, tó po kọnkéré, tó fa okùn tí òpó fi dìde, ẹ óò wá a tì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbọ́rọ̀ nígbà náà?

Rédíò Kamina kì í sọ̀rọ̀ bí rédíò tiwa. Kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, kò sí orin. Iná tó ń ṣẹ́ pàràpàrà láàárín irin méjì ló ń dá ìgbì sílẹ̀, kóòdù Morse ni òṣìṣẹ́ sì fi ń kọ ọ̀rọ̀ lórí ìgbì náà: ìró kúkúrú, ìró gígùn, títí ọ̀rọ̀ yóò fi pé. Ẹni tó ń gbọ́ yóò fi ẹ̀rọ bo etí méjèèjì, yóò mú pẹ́ńsù, yóò máa kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé.

Ìgbì rédíò dà bí ìgbì òkun. Òmíràn gùn, òmíràn kúrú. Ìgbì gígùn ni Kamina ń lò, nítorí ìgbàgbọ́ àwọn onímọ̀ ìgbà náà ni pé òun nìkan ló lè rin ọ̀nà jíjìn. Ìgbì gígùn sì fẹ́ áńtẹ́nà gígùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò òpó gogoro mẹ́sàn-án.

Ìṣòro kan tún wà tí Berlin kò ní, ṣùgbọ́n tí Tógò ní lọ́pọ̀ yanturu: mànàmáná. Ẹ̀yin tó ti tan rédíò AM nígbà tí òjò ń ṣú, ẹ mọ ariwo tó máa ń dí etí ẹni. Orí ìgbì gígùn ni ariwo náà ti máa ń le jù, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni àrá sì ti ń sán jù. Ẹni tó jókòó ní Kamina ní láti yọ ìró Berlin tó rẹlẹ̀ kúrò láàárín ariwo ojú ọ̀run.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré

Àárín ọdún 1914 ni Kamina bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹrẹu. Kò pẹ́ tí ogun fi dé. Ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ni Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Jámánì. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gé okùn wáyà abẹ́ òkun tí Jámánì fi ń bá òkèèrè sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, iye Kamina di ìlọ́po-ìlọ́po. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ tó gba ibẹ̀ kọjá lé ní 200. Lára rẹ̀ ni ìkìlọ̀ fún àwọn ọkọ̀ ojú omi Jámánì pé ogun ti bẹ́, kí wọ́n wá èbúté ibi tí kò dá sí ogun sá sí.

Gómìnà kò sí nílé nígbà náà. Ọ̀gágun von Doering ló di ipò rẹ̀ mú. Ó mọ̀ pé Tógò kò ní àwọn ọmọ ogun gidi ju ọlọ́pàá ìjọba àmúnisìn lọ, Gold Coast ti Gẹ̀ẹ́sì wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, Dahomey ti Faransé wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó ránṣẹ́ sí wọn pé kí Tógò má ṣe dá sí ìjà náà. Wọ́n kọ̀. Faransé wọ Aného, Gẹ̀ẹ́sì ní kí Lomé túúbá. Doering fi Lomé sílẹ̀, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ gun òkè lọ sí Kamina. Lomé bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìjà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, Ọ̀gágun Bryant kó ọmọ ogun wá láti Gold Coast, ó gúnlẹ̀ sí Lomé, ó sì dojú kọ àríwá.

Ojú irin tó gbé òpó rédíò lọ sí Kamina náà ni àwọn tó fẹ́ gbà á ń tọ̀ lọ. Àwọn Jámánì ń já afárá bí wọ́n ti ń sá sẹ́yìn. Ìjà ṣẹlẹ̀ ní Agbélouvé ní ọjọ́ 15 àti 16. Èyí tó le jù ni ti odò Chra, ní ọjọ́ 22. Níbẹ̀, àwọn Jámánì ti gbẹ́ kòtò, wọ́n ti gbé ìbọn arọ̀jò-ọta kalẹ̀. Nínú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó jà níbẹ̀, èèyàn 75 ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́. Lára àwọn tó kú ni George Masterman Thompson, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn sójà Faransé tí wọ́n ń pè ní ará Senegal ló kó sójú ogun lọ́jọ́ náà. Ìlú tí ibojì rẹ̀ wà, Wahala ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ ìlú yìí kò nílò ògbufọ̀.

Ẹ wo àwọn tó jà dáadáa. Sójà Gold Coast, sójà Faransé láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọlọ́pàá Tógò lábẹ́ Jámánì. Aláwọ̀ funfun ló ń pàṣẹ, ọmọ Áfíríkà ló dojú ìbọn kọ ọmọ Áfíríkà. Àwọn aláàárù tó ru ọta, oúnjẹ àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ tún pọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn ọmọ ogun tó ń bọ̀ gbọ́ ìró ìbúgbàù láti ọ̀nà Kamina. Àwọn Jámánì fúnra wọn ló wó àwọn òpó, tí wọ́n sì fọ́ àwọn ẹ̀rọ kí ọ̀tá má bàa rí wọn lò. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá. Ibùdó tó gba ọdún mẹ́ta láti kọ́ kò lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ pẹrẹu. Tógò sì di ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí Jámánì pàdánù nínú ogun náà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín in láàárín ara wọn. Ìpín Gẹ̀ẹ́sì ló di ara Gánà ní 1957, ìpín Faransé ló di orílẹ̀-èdè Tógò tó gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960. Tí ẹ bá dúró ní ẹnubodè Aflao lónìí, tí aṣọ́bodè ń bi yín léèrè ìwé, ẹ rántí pé ogun tí wọ́n jà nítorí rédíò wà lára ohun tó yí ààlà ilẹ̀ náà padà.

Ẹyin lohùn

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn ológun gbogbo àgbáyé kọ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí Doering ń kúrò ní Lomé, ó fi rédíò ránṣẹ́ nípa ohun tó fẹ́ ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́. Wọ́n ti mọ̀ pé Kamina ló ń lọ dáàbò bò.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lẹ́tà ni a lè lẹ̀ pa. Okùn wáyà ni a lè rì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi rédíò sọ, ọ̀rẹ́ ń gbọ́, ọ̀tá ń gbọ́. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ológun pín sí méjì: àwọn kan ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi di ọ̀rọ̀ wọn ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò lè tú, àwọn kan ń wá rédíò tí etí rẹ̀ yóò là ju ti ọ̀tá lọ. Ibi tí ẹ̀rọ ìgbọ́hùn ti di ohun ìjà tí kì í yìnbọn nìyẹn.

Nígbà tí òpó gogoro di àpótí

Ohun tó yí ayé rédíò padà lẹ́yìn Kamina ni ìgbì kúkúrú. Àwọn onímọ̀ kò kà á sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi rédíò ṣeré ìdárayá nínú ilé wọn. Àwọn aṣeré yìí ló ya wọ́n lẹ́nu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, Léon Deloy ní Nice, nílẹ̀ Faransé, bá Fred Schnell ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí ìgbì tó gùn tó nǹkan bíi mítà 110 péré.

Àṣírí rẹ̀ wà lókè. Ìpele kan wà ní ojú ọ̀run tí ìtànṣán oòrùn ti yí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ padà. Bí ìgbì kúkúrú bá kàn án, á padà sílẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí a gbá mọ́ àjà ilé, ilẹ̀ á tún dá a padà sókè. Báyìí ni yóò ṣe máa fò kọjá òkun. Edward Appleton, onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rí hàn ní ọdún 1924 pé ìpele náà wà lóòótọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ rẹ̀ ní 1947. Nítorí pé oòrùn ló ń darí ìpele yìí, ohun tí rédíò ń gbọ́ lọ́sàn-án máa ń yàtọ̀ sí ti òru. Ẹ̀yin tí bàbá yín máa ń yí rédíò káàkiri lálẹ́, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Ìdàgbàsókè kejì wá láti ọwọ́ ológun fúnra wọn. Ní Paris, ní ọdún 1918, Edwin Armstrong tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà tuntun jáde tí rédíò lè fi yọ ìgbì kan ṣoṣo láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Superheterodyne ni wọ́n pè é. Lucien Lévy, ọmọ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ rédíò fún ológun, ti gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde ní 1917. Títí dòní, èrò yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Bí a bá da méjèèjì pọ̀, ẹ óò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó gba òpó mítà 120, ojú irin àti agbára omi gbígbóná ní Kamina, sójà kan lè ṣe é báyìí pẹ̀lú àpótí kan àti wáyà tó so mọ́ igi.

Àwọn rédíò ológun tí orúkọ wọn kò parẹ́

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ àwọn àpótí yìí di olókìkí. HRO, tí ilé iṣẹ́ National ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1935, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó sínú ibùdó tí wọ́n ti ń tẹ́tí sí kóòdù àwọn Jámánì. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Bletchley Park, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń tú u. R1155 ló wà nínú bàálù ajubọ́ǹbù Lancaster ti Gẹ̀ẹ́sì. BC-348 ló wà nínú àwọn bàálù Amẹ́ríkà, títí kan C-47 akẹ́rù, irú èyí tó ń gba Accra àti Kano kọjá lákòókò ogun náà.

Àwọn ọmọ wa kò sí lẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ló lọ jà ní Burma. Lára wọn ni àwọn tó kọ́ kóòdù Morse àti ìlò rédíò, tí wọ́n jókòó nínú igbó tí òjò kì í dá, tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, R-390A jáde ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1960. Collins ló yà á, ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 40, èyí tí wọ́n ṣe sì lé ní 50,000. Nọ́ńbà iwájú rẹ̀ ń yí bí òǹkà tó ń ka ìrìn mọ́tò, tó fi jẹ́ pé òṣìṣẹ́ lè bọ́ sórí ìgbì tó fẹ́ gan-an láìṣe pé ó ń fi etí wá a. Gẹ̀ẹ́sì náà ní RA-17 ti ilé iṣẹ́ Racal. Ọmọ South Africa kan, Trevor Wadley, ló gbé ọgbọ́n inú RA-17 jáde. Ẹ jẹ́ ká máa rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní Áfíríkà kò fi kankan kún ìmọ̀ rédíò.

Nígbà tí ogun parí, ìjọba lu ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí tà ní gbàǹjo. Àwọn olùfẹ́ rédíò rà wọ́n, wọ́n tún wọn ṣe. Àwọn mìíràn di àlòkù irin.

Lomé, ìgbì kúkúrú àti sójà

Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbì kúkúrú bá àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní 1931. BBC bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kejìlá 1932. Accra ní ibùdó ní 1935, ọdún kan náà tí Lagos bẹ̀rẹ̀ Rediffusion, àpótí olókùn tí Yorùbá sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní Lomé, ọdún 1953 ni Radio Lomé bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ́tí sí ìgbì kúkúrú káàkiri àgbáyé mọ̀ ọ́n lórí 5047 kHz. Ìgbì mítà 60 ni èyí, ọ̀kan nínú àwọn tí ilẹ̀ olóoru ń lò, nítorí pé tí a bá rán an sókè gbọnrangandan, á padà bọ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè kan. Ohùn tó jáde ní Lomé lè dé abúlé tó wà lẹ́yìn òkè láìsí òpó míì láàárín.

Ibi tí ẹ̀rọ tó ń fi ohùn náà ránṣẹ́ wà ńkọ́? Togblékopé ni, ìlú kan náà tí Codelli ti kọ́kọ́ dán rédíò wò ní 1911.

Àwọn sójà kò sì gbàgbé iye rédíò. Ní 1991, nígbà tí Tógò ń wá ọ̀nà sí ìjọba tuntun, ilé iṣẹ́ rédíò ní Lomé wà lára ibi tí àwọn ológun kọ́kọ́ lọ gbà. Ní Nàìjíríà, ohùn Dimka lórí rédíò ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ojú kejì: nígbà tí Abacha di ẹnu ìwé ìròyìn, ìgbì kúkúrú ni Radio Kudirat gbà wọlé ní 1996. Ìjọba lè ti ìlẹ̀kùn ilé iṣẹ́, kò lè ti ojú ọ̀run.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti pa ìgbì kúkúrú tì. BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2018, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bí i sí. Íntánẹ́ẹ̀tì dára, àwa náà orí rẹ̀ la wà. Ṣùgbọ́n ìjọba lè pa á lọ́jọ́ ìdìbò, okùn abẹ́ òkun tó ń gbé e wá sì lè já. Ọdún 1914 ni wọ́n ti fi hàn wá pé okùn abẹ́ òkun ṣeé gé.

Kí ló kù, kí ló yẹ ká ṣe?

Ní Kamina lónìí, ìpìlẹ̀ kọnkéré àti àwókù irin ni ẹ óò bá láàárín koríko. Láti Lomé, ọ̀nà ńlá tó lọ sí àríwá ló gba Wahala kọjá kó tó dé Atakpamé. Olùkọ́ tó bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan lè fi ibojì àti àwókù kọ́ wọn ní ìtàn tí ìwé kò sọ délẹ̀délẹ̀.

Ní ti àwọn rédíò ológun àtijọ́, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan wà ní yàrá ẹrù bàbá àgbà yín, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù irin. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun:

Ẹ má ṣe kì í bọ iná ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná 24 sí 28 ti bàálù tàbí 110 ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò. Iná 220 tiwa yóò jó wọn.

Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Iná inú rédíò onígíláàsì lè pa èèyàn, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á.

Ẹ má ṣe ha ọ̀dà tó ń tàn lójú nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n fi radium sínú àwọn kan, kò dára fún ara.

Ẹ ya àwòrán pátákó kékeré tó wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà àti ọdún orí rẹ̀ ni ìwé ìrìnnà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tó ni ín léèrè, kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù yín. Níbo ló ti rí i? Ta ló kọ́ ọ ní Morse? Àwọn wo ni wọ́n jọ jókòó tì í? Bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Irin Kamina ti dípẹtà, orúkọ àwọn tó rù ú ti sọnù. Ti àwọn tó ṣì wà láàyè kò gbọ́dọ̀ bá a lọ.